Ẹ ka ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ò ka omi: ohun tí kánsù ń wò nígbà tó bá wá yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Òṣogbo. Lóṣù tó kọjá, àwọn mẹ́rin kan wá láti kánsù. Wọ́n wo gọ́tà, wọ́n wo kànga ẹ̀rọ, wọ́n wọ ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì ń fàmì sínú ìwé kan tó ní àpótí-àpótí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí a gbọ́ lórí rédíò pé àyẹ̀wò fi hàn pé iṣẹ́ kánsù ń lọ dáadáa. Gọ́tà wa ṣì dí. Ẹ̀rọ omi wa ti gbẹ láti oṣù kejì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a má jẹ́ kí wọ́n wọlé mọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn pé bí a bá sọ òótọ́, wọ́n á ti ilé ìwòsàn náà pa. Kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò gan-an, kí sì ni àwa lè ṣe?”

Akọ̀wé wa, ẹ ṣé tí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́. Mo lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ìṣètò àti ìṣirò ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé alápòótí tí ẹ rí lọ́wọ́ wọn yẹn, mo ti gbé irú rẹ̀ kiri àdúgbò púpọ̀. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ohun tí ẹ kọ: ẹ ò mọ ohun tí wọ́n bá wá, ẹ ò gba ohun tí wọ́n ní àwọn rí gbọ́, ẹ sì ń bẹ̀rù ohun tó lè tẹ̀yìn òótọ́ yọ. Mo fẹ́ ká tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n bá wà ní lílọ́ pọ̀ báyìí, ìbínú nìkan ló máa ń ti inú rẹ̀ jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹni tó bá ti kánsù wá ń jẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan wà tí ẹ̀ka wọn rán wá wo ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Àwọn alábòójútó ìlera á wo nọ́ọ̀sì àti rẹ́jísítà rẹ̀, wolé-wolé á wo ìmọ́tótó, àwọn ará wọ́ọ̀kìsì á wo gọ́tà àti ọ̀nà. Àwọn kejì ń bá ètò ìṣúná rìn: ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá kánsù ṣe ohun tó kọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn kẹta ni àwọn ọ́díítọ̀. Kánsù ní tirẹ̀ nínú ilé, Ọ́díítọ̀ Àgbà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ìròyìn rẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ owó ni tiwọn: ta ló buwọ́ lù ú, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ọ́díítọ̀ lè dé ìdí gọ́tà yín kó sọ pé ìwé rẹ̀ pé, kó má sì purọ́, nígbà tí ẹrẹ̀ kún inú gọ́tà náà dé ẹnu. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wo gọ́tà, omi àti ìlera lọ́dọ̀ yín, àwọn ẹgbẹ́ kejì ni mo rò pé wọ́n jẹ́. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá dé, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀ka tí wọ́n ti wá, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka ìwé ọwọ́ wọn. Àṣírí kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú kí aráàlú àti kánsù sọ ọ̀rọ̀ kọjá etí ara wọn, òun ni ọ̀rọ̀ ta ló ni iṣẹ́. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka iṣẹ́ kánsù lẹ́sẹẹsẹ: òpópónà àdúgbò àti iná rẹ̀, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, kíkó ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Ní ti ìlera àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kánsù máa ń kópa pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ni, kò dá a ṣe. Gọ́tà ẹ̀bá títì ńlá lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Kànga ẹ̀rọ lè jẹ́ èyí tí aṣòfin kan gbẹ́ fún ẹkùn rẹ̀, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ìwé kánsù, wọn ò sì ní kà á mọ́ àyẹ̀wò wọn bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ wo pátákó ara rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀. Ti Òṣogbo tún le díẹ̀ sí i, nítorí ìlú kan yìí wà lábẹ́ kánsù méjì: ti Òṣogbo, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, àti ti Ọlọ́rundá, tí tirẹ̀ wà ní Ìgbọ̀nà. Ẹni tó ń kọjá láti òpópónà kan sí èkejì kì í mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Mo mọ àdúgbò kan tó fi ọdún méjì kọ lẹ́tà sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn.

Ó wá ku ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti jókòó pẹ́. Iṣẹ́ kánsù ní ìpele mẹ́rin. Owó wọ inú ìwé ètò ìṣúná. Owó náà jáde. Wọ́n ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ náà wúlò fún ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àyẹ̀wò tí ẹ gbọ́ lórí rédíò sábà máa ń dúró sí ìpele kẹta, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn láti kà. Ní kánsù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé kànga ẹ̀rọ mẹ́jọ la ṣètò, mẹ́jọ la gbẹ́. A fún ẹ̀ka náà ní máàkì tó ga jù lọ́dún yẹn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ló pè mí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ka ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ò ka omi.” Mo padà lọ wo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mẹ́ta péré lomi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mi ò kọ irọ́ kankan, mẹ́jọ la gbẹ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìyá náà ò sì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí pé ẹ ní láti oṣù kejì ni tiyín ti gbẹ, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo, ibi tí àpáta ti rà tàbí tó ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà òjò tètè máa ń kan omi, agbaṣẹ́ṣe á ní ó ti tó, wọ́n á ya fọ́tò omi tó ń tú jáde, wọ́n á gba owó wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú, omi á sá lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí páìpù dé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ló jóná, tàbí iná tí kò lágbára, tàbí pé kò sẹ́ni tó ń ra epo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nǹkan wọ̀nyí tóbi, nítorí ẹ̀rọ tó jóná ṣeé tún ṣe, kànga tí kò jìn ń fẹ́ owó mìíràn pátápátá. Àyẹ̀wò tó bá kọ “kò ṣiṣẹ́” lásán kò tíì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Gọ́tà náà ní tirẹ̀. Gígùn rẹ̀ ni wọ́n ń kà: mítà mélòó ni wọ́n kó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kó o, wọ́n á hú ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á sì dá a padà sínú. Mítà tí wọ́n kà pé, gọ́tà sì dí. Àsìkò àyẹ̀wò náà tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá wo gọ́tà ní oṣù kìíní á rí i ní gbígbẹ. Kó wá wò ó ní oṣù keje, nígbà tí gbogbo omi ìlú bá ń wá ọ̀nà dé Gbódòfọn àti odò Ọ̀ṣun. Ti ìdọ̀tí kò yàtọ̀: iye ìgbà tí ọkọ̀ jáde ni wọ́n ń kọ, òkìtì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjà kì í sí nínú àpótí kankan.

Mo gbọ́ ẹ̀rù tí ẹ ń bà lórí ilé ìwòsàn, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Iye aláboyún tó wá fún àyẹ̀wò, iye tó bímọ níbẹ̀, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iye ọjọ́ tí oògùn fi tán ni wọ́n ń wò jù. Inú rẹ́jísítà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lóṣooṣù, kó tó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Iye tó lọ sílẹ̀ kì í sọ ìdí tó fi lọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí nọ́ọ̀sì lóru, pé iná kò sí, tàbí pé wọ́n kanra mọ́ àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn sì tàn. Ní gbogbo ọdún tí mo lò, mi ò rí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan tí wọ́n tì pa nítorí àdúgbò sọ òótọ́ fún àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo rí, tí mo sì gbọ́dọ̀ sọ, ni pé wọ́n a máa kó òṣìṣẹ́ kúrò níbi tí èrò kò ti pọ̀ lọ síbi tó pọ̀. Bí àdúgbò bá dákẹ́ nípa nọ́ọ̀sì tí kò sí lóru, àwọn obìnrin á máa lọ bímọ síbòmíràn, iye inú rẹ́jísítà á máa dín kù, iye tó dín kù yìí gan-an ni wọ́n á sì fi kó àwọn tó ṣẹ́ kù lọ. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ ló léwu jù fún yín. Ẹ tún mọ̀ pé Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Lára rẹ̀ ni owó tí wọ́n ń fi sínú àpò ilé ìwòsàn alábọ́dé tó bá wà nínú ètò náà, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe máa ná an. Ẹ wádìí ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ fún wọ́ọ̀dù yín. Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Oǹdó ti wà rí nínú ètò kan tí Báńkì Àgbáyé fowó sí, pẹ̀lú Adamawa àti Nasarawa, níbi tí owó tí ilé ìwòsàn ń gbà ti dá lórí iṣẹ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣe. Nígbà náà, wọn kì í gba rẹ́jísítà gbọ́ lásán. Wọ́n a máa mú orúkọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n wá ẹni náà délé, kí wọ́n bi í bóyá ó wá lóòótọ́ àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Èyí ni mo kà sí àyẹ̀wò. Ó ń náni lówó, ó sì ń gba àkókò, ìdí nìyẹn tí kánsù kì í fi í dá a ṣe.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìròyìn rere ló máa ń dé rédíò? Ìdí kan ni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ń fún ara rẹ̀ ní máàkì. Olórí ẹ̀ka ń retí ìgbéga, kánsẹ́lọ̀ ń wo ìdìbò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù ni owó. Ẹ̀ka lè ṣètò gọ́tà mẹ́wàá, kó jẹ́ owó gọ́tà méjì péré ni wọ́n tú sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn tí owó oṣù ti gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Abala 162 nínú ìwé òfin ló dá àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti kánsù sílẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì dá rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tí aráàlú dìbò yàn tààrà. Ní 2025, ìjà lórí ẹni tó ni àga kánsù ní Ọ̀ṣun níbí wọ ilé ẹjọ́, owó tó ń ti Àbújá bọ̀ dúró, àwọn òṣìṣẹ́ sì jókòó sílé fún oṣù púpọ̀. Irú àyẹ̀wò wo ni ẹ̀ka tí kò rí owó gbà máa ṣe? Ó dùn mí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti kọ ọ́ bó ṣe rí: mẹ́wàá la ṣètò, owó méjì ló dé, ọjọ́ báyìí ló dé, méjì la ṣe. Ká ní wọ́n lè kọ èyí sí pátákó iwájú ilé iṣẹ́ wọn, ẹ̀yin náà á mọ ẹni tí ẹ máa kọjú ìbéèrè sí, ẹ ò sì ní máa bú òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀kìsì tí kò rí ṣọ́bìrì lò.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi òfin tún irú nǹkan báyìí ṣe. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1999 ní kí kánsù kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin lórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: kí ló dé tí a fi ń ṣe é rárá, báwo la ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wa, kí làwọn tó ń lò ó sọ, ṣé ẹlòmíràn kò lè ṣe é jù wá lọ? Àjọ ọ́díítọ̀ kan tó dá dúró ń wá yẹ ìdáhùn wọn wò. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kánsù méjì wà nínú ìlú wa yìí, n kò sì rí ohun tó ní kí wọ́n má lè gbé gọ́tà àti ilé ìwòsàn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé pọ̀ níbẹ̀ dé ibi pé àwọn kánsù ń ráhùn pé kíkọ ìròyìn ti ń gba àkókò iṣẹ́, wọ́n sì ti àjọ náà pa ní 2015. Èyí tó sún mọ́ tiyín jù ni ti Bangalore ní Íńdíà. Ní 1994, àwọn aráàlú tẹ káàdì máàkì jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba bí ẹni ń fún ọmọ ilé ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bi ọ̀pọ̀ ìdílé léèrè bí omi, iná àti ilé ìwòsàn ṣe rí lára wọn. Máàkì náà burú. Wọ́n tún ṣe é ní 1999, ó sàn díẹ̀. Nígbà tó di 2003 ló tó yí padà gan-an. Ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ní ti àwọn tó ní kí ẹ tilẹ̀kùn, mi ò bá wọn lọ. Bí wọn ò bá ráyè wọlé, wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì kún àpótí náà látinú ìwé èṣí, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lè pe rédíò. Ó máa ń mú kí ọkọ̀ ìdọ̀tí dé lọ́jọ́ kejì, kì í mú kó dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 wà. Ẹ lè kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ rí ohun tí wọ́n ṣètò fún wọ́ọ̀dù yín àti ìròyìn àyẹ̀wò náà, ẹ ò ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn, wọ́n lè fi méje kún un. Ní oṣù kẹrin 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lọ, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ rí olórí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, nítorí alága máa ń lọ, fáìlì ló ń dúró. Ẹ mú lẹ́tà dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Lẹ́tà tó bá fi òfin halẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, abẹ́ fáìlì ló ń sùn sí.

Ohun tó ti so èso jù níṣojú mi ni àkọsílẹ̀ tiyín fúnra yín. Ẹ ra ìwé kan olójú ewé ọgọ́rin. Ẹ má ṣe fi sọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ fún ẹni tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹ̀rọ, tí ojú rẹ̀ ń tó o lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí omi jáde, ọjọ́ tí kò jáde. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí dé. Alẹ́ tí obìnrin kan ń rọbí tó kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ yan ibi mẹ́ta lára gọ́tà, kí ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ láti ojú kan náà lọ́jọ́ kìíní oṣù. Kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ̀yin náà ṣe, pàápàá nípa ọ̀rá omi oníke tí àwa fúnra wa ń jù sí gọ́tà. Bí àwọn tó wá bá rí ọ̀rá náà, “ìwà aráàlú” ni wọ́n máa kọ sí àpótí ìdí, fáìlì á sì pa dé. Èmi náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní tàn yín: ìwé olójú ewé ọgọ́rin kò lè mú owó jáde ní Àbújá, kò sì lè jin kànga tí kò jìn. Ó lè gba ọdún kan kí wọ́n tó dá yín lóhùn, alága lè yí padà láàárín rẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó mú kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti kọ “ó wà” síbi tí kò sí nǹkan. Ẹ gbé e lọ ní àsìkò tí wọ́n ń ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹjìlá, nígbà tí wọ́n ṣì ń pinnu ohun tí wọ́n máa kà. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa àpótí “kànga ẹ̀rọ mélòó” rẹ́, kí wọ́n fi “ọjọ́ mélòó lóṣù lomi jáde” rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún dé pẹ̀lú ìwé wọn, ẹ pọ́n wọn lé, ẹ fún wọn ní àga, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó fàmì sí i.